Ọjọ́ Tí Diễm Ṣọ́ Sánmà

Fèrèsé ló sọ Diễm di ẹni tí gbogbo abúlé ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà òtútù ń parí lọ nígbà tó dé ilé ọkọ ní etíkun Hải Hậu, lápá àríwá orílẹ̀-èdè wọn. Òjò wínníwínní ń rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀rinrin òkun sì ń bá ènìyàn dé orí ibùsùn. Ilẹ̀ ilé ń làágùn, ògiri ń làágùn, aṣọ tí wọ́n ti sá fún ọjọ́ mẹ́rin ṣì tutù nini. Ní Bến Tre tí wọ́n ti bí i, lápá gúúsù lọ́hùn-ún, bí ilẹ̀ bá tutù, fèrèsé ni wọ́n ń ṣí kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Diễm bá ṣí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí ó tó di ọ̀sán, ilé ti di odò. Ọmọdé Hải Hậu pàápàá mọ̀ pé lásìkò yẹn, ńṣe ni wọ́n ń ti ilé pa kí atẹ́gùn òkun má baà gbé omi wọlé. Ìyá Thoa, ìyá ọkọ rẹ̀, yọ̀ ní pálọ̀, ó sì fìdí jókòó láìrò tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ìyàwó Aṣífèrèsé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn onílé náà kì í jẹ́ kí àlejò gbàgbé. Quyết ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Hải Phòng, ìparí oṣù ló ń wálé. Nítorí náà, òun nìkan ló ń fara da yẹ̀yẹ́ náà. Nílé wọn, ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n níhìn-ín, orí ló ń tẹ̀ ba, tí á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ẹ̀rùn dé, iṣẹ́ iyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, ní agogo méje àárọ̀, ìdílé mẹ́tàlá á da omi iyọ̀ sórí pẹpẹ símẹ́ńtì tó tẹ́ lọ títí dé ẹsẹ̀ òkun. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, atẹ́gùn òkun á dìde, kì í sì í sinmi títí di àṣálẹ́. Bó bá fi máa di agogo mẹ́rin, iyọ̀ á ti funfun báláú, wọ́n á sì fi pákó gbá a jọ, wọ́n á kó o sínú ahéré. Ọ̀tá kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni òjò ọ̀sán. Bó bá rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, iṣẹ́ òòjọ́ ti di omi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ jókòó sórí ògiri amọ̀ tí wọ́n mọ dí òkun, kí ó máa ṣọ́ sánmà, pẹ̀lú abọ́ irin lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá lu abọ́ náà, kò sí àríyànjiyàn, kí oníkálukú gbá iyọ̀ rẹ̀ ni. Ìyá Thoa ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún.

Ní oṣù kẹfà, ó di dandan kí Ìyá Thoa lọ sí ìrántí ikú bàbá rẹ̀ ní abúlé kejì. Láàárọ̀, lójú gbogbo ènìyàn, ó gbé abọ́ irin fún Diễm.

Bàbá Khiết, aládùúgbò wọn, fi pákó rẹ̀ ti ilẹ̀. "Ìyá Thoa, ta lo gbé e fún? Ọmọ tó ṣí fèrèsé fún òkun?"

"Ilé mi ló ṣí. Tìẹ kọ́."

"Iyọ̀ mi ńkọ́?"

"Lọ da omi ẹ, jàre." Ìyá Thoa yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣó o rántí? Òjò tó bá ṣú láti gúúsù, máa ṣiṣẹ́, máa ṣeré. Èyí tó bá ṣú láti ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn sì dákẹ́, bó o ṣe ń wò ó ni kó o máa sá."

"Mo rántí, Màámi."

Ó rántí lóòótọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, àlejò ni òun á jẹ́ títí òun á fi darúgbó. Ó jókòó, ó ń wo òkun débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjì lù, atẹ́gùn dákẹ́. Kò rọra rọlẹ̀, ńṣe ló dákẹ́ rọ́rọ́. Ewé kan ò mì. Diễm wo ìlà oòrùn, ó rí i pé ìsàlẹ̀ sánmà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá lù ú tí òjò ò rọ̀, ó gbé. Bí kò bá lù ú tí òjò rọ̀, ìdílé mẹ́tàlá á sunkún. Ó wo ọ̀nà bóyá ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó bá gbé abọ́, ó sì lù ú kíkan kíkan.

Wọ́n sáré. Ojú ò níí ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Pákó ń ró lórí símẹ́ńtì, agbọ̀n ń fò lórí èjìká, Diễm náà ń gbá tiwọn bí ẹni tí iná ń jó. Bàbá Khiết ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì ń ráhùn pé ikùn òun ò tíì da oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí iyọ̀ tó kẹ́yìn wọ inú ahéré, gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí.

Wọ́n retí retí. Ìkùukùu dúdú náà gba ojú òkun kọjá lọ sápá àríwá bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Atẹ́gùn padà dé, oòrùn sì ràn ganrínganrín. Iyọ̀ tín-ín-rín tó tutù ni wọ́n kó, kò tó ìdajì ti ojúmọ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó bú Diễm, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí Ìyá Thoa fi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, pẹ̀lú ìrẹsì alẹ̀mọ́ àti ẹran adìẹ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì fún un níbi ìrántí. Ó wo pẹpẹ tó ṣófo. Ó wo oòrùn.

"Ṣé atẹ́gùn dákẹ́ ni?"

"Ó dákẹ́, Màámi."

"Ìlà oòrùn ńkọ́?"

"Ó dúdú."

"Èmi náà ì bá lù ú."

Bàbá Khiết ní, "Òjò ò kúkú rọ̀."

"Ṣé ìyàwó mi ló ni òjò ni? Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á fòun ṣẹ̀sín ò ní lè lu abọ́ yìí lọ́jọ́ tó bá yẹ. Ọmọ yìí mọ̀ pé ẹ máa fòun ṣẹ̀sín, ó sì lù ú. Òun náà ló máa jókòó síbẹ̀ lọ́la." Ó já okùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ẹ wá jẹun."

Omi lé ròrò sójú Diễm. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó fi sẹ́nu, ẹran ni àbí ìrẹsì.

Wọ́n jẹun tán, ó ti pẹ́ jù láti da omi mìíràn, ọwọ́ sì dilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀sán oṣù kẹfà ṣe, nítorí kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́ rí. Ìyá Thoa ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti ń wo òkun láìwọ̀ ọ́. Ó rìn lọ tòun taṣọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà ń bu omi lu ara wọn, obìnrin ń ti ọkọ ṣubú. Diễm wọ inú omi dé ọrùn, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Wọ́n ṣì wà nínú òkun ní agogo márùn-ún, lásìkò tí iyọ̀ ì bá ti wà nínú ahéré lọ́jọ́ gbogbo, tí òjò fi dé. Ó rọ̀ lé wọn lórí bí ẹni ń tú u látinú agbada. Gbogbo ènìyàn hó yèè.

Bàbá Khiết nu omi lójú, ó ké sí Diễm. "Ìyàwó, òjò ẹ ti dé o. Ó kàn pẹ́ ni."

Orí tí Diễm máa ń tẹ̀ ba tẹ́lẹ̀, ó gbé e sókè. "Ẹ má bínú, Bàbá. Láti ọ̀sán ni mo ti pè é. Bíi tiyín ló ṣe ń rìn."

Ẹ̀rín Bàbá Khiết fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú jáde, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn. Ìyá Thoa rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé omi iyọ̀ mì, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbá a lẹ́yìn.