Ogún Kíláàsì Ọjọ́bọ̀

"Fóònù ńkọ́?" ni Jímọ̀ bèèrè. "Mi ò tíì rí fóònù ẹ̀gbọ́n mi nínú ohun tí ẹ kó sílẹ̀."

Ṣàkírát tún ìborùn rẹ̀ dì, ó sì fi ọwọ́ bo fóònù náà lórí itan rẹ̀. Àná ni wọ́n ṣe fídáù ogójì ọkọ rẹ̀, Tàjúdéènì. Lónìí, àwọn ẹbí ọkọ ti kún pálọ̀ wọn ní Ìbà, wọ́n ń pín ẹrù olóògbé bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Jẹnẹrétọ̀ ti lọ. Tẹlifíṣọ̀n ti lọ. Kódà, bàtà tó fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ti rí ẹlẹ́sẹ̀ mìíràn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ó sọ fún Alhaji Ṣọlágbadé, àgbà ẹbí. "Mi ò bá yín du ohunkóhun. Ẹ ṣáà fi fóònù yìí sílẹ̀ fún mi."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Àwọn olùkọ́ ni, sà."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bèèrè pé olùkọ́ wo ló ń gbé inú fóònù. Jímọ̀, àbúrò olóògbé, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ta bátìrì sólà ní Àlàbá kì í fi fóònù ṣeré. Ó na ọwọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ gbé e wá. Ohun ọkùnrin ni."

"Gbé e fún un," ni Alhaji wí.

Ó gbé e fún un. Kí ni kí ó ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú fóònù náà, kí ẹ̀yin náà má baà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kòrónà, nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa, Ṣàkírát, tó jẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkòkòmáíkò, to ìdérí ìgò sórí ẹní, ó fi wọ́n ṣàlàyé ìdajì àti ìdá mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Tàjúdéènì ṣí gúrúùpù kan sórí Wáàsáàpù, ó pè é ní Kíláàsì Ọjọ́bọ̀, ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ méje. Àwọn méje pe ogún, àwọn ogún pe igba. Nígbà tí ọlọ́jọ́ fi máa dé, olùkọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, láti Ìjànìkín títí dé Ìkàrẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ṣàkírát á kọ́ wọn bí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ṣe lè fi fóònù kan ṣoṣo kọ́ ogójì ọmọ: bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gé fídíò kí ó má baà jẹ dátà, bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ìyá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Fikáyọ̀, tó ń kọ́ni ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjànìkín, sọ pé àwọn ọmọ òun máa ń dìde kí fóònù ni: "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Kíláàsì!"

Ọkọ rẹ̀ nìkan ni ọ̀gá gúrúùpù, ẹni tó lè gba ènìyàn wọlé, tó sì lè lé e jáde; ó ti fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ náà ṣe ọ̀gá nígbà kan. Ẹ̀rín ni Ṣàkírát bú sí. "Kí tọkọtaya jọ máa ṣọ́ ilẹ̀kùn kan? Ẹ máa ṣọ́ ọ, Dádì Títí, kí èmi máa kọ́ni." Ẹ̀fẹ̀ lásán! Ẹ̀fẹ̀ yẹn ló wá ń jẹ ẹ́ níyà báyìí.

Obìnrin tó wà nínú tákàbà kì í jáde. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ilé. Kò sí ilé ìwé, kò sí ọjà. Kíláàsì Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ìta tó ṣẹ́kù fún un. Nítorí náà, nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ó mú fóònù tirẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kọ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

Kò tíì dé ìdajì ẹ̀kọ́ tí àwòrán bátìrì mẹ́fà fi já wọlé, pẹ̀lú iye owó àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù. Láti orí nọ́ńbà olóògbé ni.

"Yéè!" ni olùkọ́ kan kọ. "Ṣé kì í ṣe Ọ̀gá Tàjù tí a sin nìyí?"

"Òkú ti ń ta bátìrì o," ni ẹlòmíràn kọ.

Ṣàkírát pe Jímọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọkọ ni àbúrò ọkọ.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ má polówó níbẹ̀. Ilé ìwé ni. Ẹ fi mí ṣe ọ̀gá ibẹ̀, kí ẹ sì jáde. Fóònù ti di tiyín, mi ò bèèrè rẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kọ́sítọ́mà tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún mi, kí n wá jáde? Ìyàwó wa, ẹ̀ ń ṣeré."

"Olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe kọ́sítọ́mà."

"Ṣé olùkọ́ kì í tan iná ni?"

Ó pe Alhaji. Alhaji ní ogún tí àwọn ti pín, àwọn ti pín in nìyẹn. Ó ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ ṣe tákàbà rẹ̀. Irú opó wo ló ń bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Lẹ́yìn bátìrì, fáàn dé. Lẹ́yìn fáàn, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, fóònù sì ń dárúkọ wọn fún Ṣàkírát bí wọ́n ṣe ń lọ: Akínṣọlá ti jáde. Ọládélé ti jáde. Bàbá kan láti Ìkàrẹ́, tí kò pa ẹ̀kọ́ kan jẹ rí, ti jáde, kò tiẹ̀ dágbére. Ó ń dun Ṣàkírát wọnú eegun.

"Mà, ẹ wá nǹkan ṣe sí i," ni Fikáyọ̀ pè láti sọ. "Mo rò pé ohùn yín ni mo ṣí fún àwọn ọmọ lánàá. Ohùn ọlọ́jà bátìrì ló jáde. Wọ́n ti dìde kí i tán."

Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, ní aago mẹ́rin, Ṣàkírát ṣí gúrúùpù tuntun. Ó kọ ọ́ sínú ti àtijọ́ pé: "Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹni tó ń tajà yìí kì í ṣe ọkọ mi. Ọkọ mi ti kú. Ẹ tẹ ìlà ìsàlẹ̀ yìí, kí á jọ lọ sí ilé tuntun." Fikáyọ̀ wọlé. Ẹni kejì wọlé, ẹni kẹta. Lójijì, ọ̀rọ̀ tó kọ pòórá. Jímọ̀ ti pa á rẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òmíràn, ṣùgbọ́n àyè ìkọ̀wé ti tì.

Láti ìgbà ìgbéyàwó wọn ni ó ti fi orúkọ ìkẹ́ tó fi ń pe ọkọ rẹ̀ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù tirẹ̀. Kò tíì ní ọkàn láti yí i padà. Orúkọ yẹn náà ni fóònù fi jíṣẹ́ fún un:

Olówó Orí Mi ti yọ ọ́ kúrò.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ìborùn rẹ̀ dì. Tákàbà rẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.