Páìpù Oníirin Méjì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ létí mi mọ́ pé irin kan ò ju irin kan lọ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí páìpù tí wọ́n kó wá síléeṣẹ́ níjọ́ náà. Irin méjì ló wà nínú ẹyọ kan: dúdú nínú, tó lágbára láti gbé omi gbígbóná, funfun lóde, tí èéfín olóró inú iná ò lè jẹ. Wọn ò fi àtè lẹ̀ wọ́n, wọn ò kàn wọ́n níṣòó. Wọ́n kàn di ara wọn mú ṣáá ni.

Obìnrin ni ajórinmọ́rin tí wọ́n pè. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló ń dáná bọ́ílà, ìkòkò irin ràgàjì tó ń sọ omi di ooru. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn páìpù àtijọ́ tí ìpẹtà ti jẹ tán bẹ́, ooru sì bó apá ọ̀tún ọkùnrin náà. Látìgbà náà, ẹ̀yìn òpó ló ń dúró sí.

Ó ní, "Ìyàwó mi, tí kì í bá ṣe ìwọ lo jó tuntun yìí, mi ò dé iwájú ẹ̀ mọ́ láéláé."

Ọgọ́ta oríkèé, ibi tí páìpù ti kan páìpù, lobìnrin náà jó. Àpò méjì wà lára bẹ́líìtì rẹ̀: ọ̀pá ìjórin ti dúdú lósì, ti funfun lọ́tùn-ún. Ti dúdú ló ń kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, ti funfun á wá bò ó. Nígbà tó parí, ó fi aṣọ funfun tó rẹ sínú omi iyọ̀ wé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tílẹ̀ bá mọ́, èyí tí wọn ò jó dáadáa á dípẹtà, aṣọ náà á sì pọ́n.

Ilẹ̀ mọ́. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta mọ́ roro. Èyí tó wà nígun tóóró, pupa.

"Yéè, mo gbé!" Ó rántí. Nígbà tó ń jó o, ó bọ́ bẹ́líìtì kó lè ráyè wọ ibẹ̀, ó sì padà so ó sódì, ni ti dúdú bá bọ́ sórí ti funfun. Ọwọ́ tó bá mọṣẹ́ kì í wojú àpò, ó kàn ń mú ni.

Sáńdípépà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá fi ha ìpẹtà náà lẹ́ẹ̀mẹta péré, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí páìpù bá bẹ́. Ibẹ̀ lọkọ rẹ̀ ti yọjú.

"Ṣó ti tán?"

Obìnrin náà ti sáńdípépà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò tíì tán. Mo ba ọ̀kan jẹ́. Èmi fúnra mi ni."

Ọkùnrin náà wo aṣọ pupa náà. Ó ń fọwọ́ ra apá rẹ̀. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó mú ayùn, ó rẹ́ oríkèé náà kúrò, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó sì ha ojú ibi tó gé títí ó fi ń dán.

Háà! Dúdú nínú, funfun yí i ká, kò nípọn ju èékánná méjì lọ. Ó wá ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ó fi èékánná wá a, kò rí nǹkan kan. Ogún ọdún ló ti ń jórin, kò sì jó èyí tí kò ní àpá bí ojú ọgbẹ́ rí.

Ó rọra sọ pé, "Kò ní àpá. Ẹ wò ó, bàbá wa, kò ní àpá rárá."

Ọkọ rẹ̀ fi ìka tó ti bó yí i po títí. "Ọwọ́ èèyàn ló ṣe èyí?"

"Ọwọ́ èèyàn ni."

"Kí ló dé tóo ò ha ìpẹtà náà kúrò, kóo pa ẹnu mọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa dúró níbẹ̀ kẹ̀."

Ó tún un jó, ó sì tún fi aṣọ wé e. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ náà funfun báláú. Wọ́n tanná bọ́ílà, iná bú ramúramù, gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà kúrò lẹ́yìn òpó, ó rìn lọ bá iná náà, ó dúró sójú rẹ̀ gan-an.

Wọ́n pariwo pé kó rọra o.

Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ìyàwó mi ló wà láàárín èmi àti iná yìí."