Ìṣubú Mi ní Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Ìlú wa kò tóbi. Bí ènìyàn bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgboro, ẹni tó wà ní ìparí ìgboro ni yóò kí i ní pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo gbó sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ṣubú sí.

Ẹ má káàánú mi o, ijó ló bì mí lulẹ̀. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, níbi tí mo ti máa ń gbọ́ rédíò láràárọ̀, ni orin ìgbà ọmọge mi bá dédé bẹ̀rẹ̀. Mo dìde. Mo ju ìdí sọ́tùn-ún, ó gbọ́. Mo jù ú sósì, ó ní òun ti darúgbó. Gbì! Àárín irun tí wọ́n gbá jọ ni mo jókòó sí. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi dìde, irun orí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ti lẹ̀ mọ́ mi nídìí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àṣé ẹnì kan ti rí mi láti ojú fèrèsé. Kí n tó délé, obìnrin oníbúrẹ́dì ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó ti kán. Ẹni tó wá tẹ ọmọ mi ọkùnrin láago ní ìlú ńlá sọ fún un pé wọ́n ti gé e.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti dé. Ó bá mi níbi tí mo dúró sí tí mò ń fọ ìkòkò. Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi, ó tún un wò.

"Màámi, ẹ ò lè dá gbé mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé mi."

"Ta ló ní mo dá gbé?"

Ó wọ́ àpótí mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kó aṣọ mi sí i. Àyà mi já. Agídí tó fi mu ọmú mi kò tíì kúrò lára rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi lè wọ mọ́tò rẹ̀, ó di gbéré.

Mo ní, "Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tìẹ lọ́hùn-ún, kí ló ń jẹ́?"

Ó họ orí. "A máa ń juwọ́ síra wa."

"Bí mo bá ṣubú nígbà tó o wà níbi iṣẹ́, ṣé ọwọ́ náà ni yóò jù sí mi? Níbí, ìdí mi ò tíì kanlẹ̀ tán tí wọ́n ti pè ọ́!"

"Irọ́ ni wọ́n pa fún mi!"

"Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yára!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni oníbúrẹ́dì, tí ìròyìn náà ti yípo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, já wọlé pẹ̀lú ẹkún, ó di ẹní mọ́ abíyá.

"Ìyá àgbà! Èwo nínú ẹsẹ̀ yín ni wọ́n gé?"

Mo gbé méjèèjì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan fún un. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀. "Háà! Èmi tí mo ti gbé ẹní wá, pé ọ̀dọ̀ yín ni n ó máa sùn títí ara yín á fi yá."

Ọmọ mi wo ẹní yẹn títí. Lẹ́yìn náà ló yí sí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ mi jáde. Ó ká wọn ní ìkákukà, mi ò sì wí nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n kì í bá wọ́dà jiyàn lórí bó ṣe ṣílẹ̀kùn.