MGB Aláwọ̀ Ewé àti Àdúrà Ọ̀gá Múdà

Ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìgba àdúrà rẹ̀, bó di sípánà mú, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Nọ́fíù ṣe rí gan-an nìyí. Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ló ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múdàṣírù. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un. Ó ku oṣù mẹ́rin kó pé ni físà Amẹ́ríkà jáde, Nọ́fíù ò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ò gbọ́wọ́ lé e lórí kó sọ pé, "Máa lọ, iṣẹ́ yìí á gbè ọ́."

Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù méjì ló ti ṣí tó sì ti tì pa ní Hyattsville, l'Amẹ́ríkà, ẹ̀kẹta ń mí gúlegúle. Àwọn èèyàn ní ibi tó ń yá ṣọ́ọ̀bù sí ni kò dáa. Nọ́fíù ò gbà. Ó ní àdúrà tí òun ò gbà ló ń bá òun jà.

Lọ́dún 1992, ó gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, pé Ọ̀gá Múdà wà ní Kettering nítòsí wọn, pé ó wá kí Mọ̀ríámọ̀ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Nọ́fíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn.

"Ta lèyí?" ni ọ̀gá wí.

"Èmi Nọ́fíù ni, sà."

"Nọ́fíù tí mo rán ní búrẹ́dì lọ́dún 1974? Ṣé o ti rí i rà?"

Mọ̀ríámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nọ́fíù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ foríjì mí, sà. Àdúrà ni mo wá gbà."

"A kì í gbàdúrà iṣẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Oṣù mẹ́rin lo jẹ mí. Wá ọkọ̀ kan tí ò jí, ká jọ jí i. Ọjọ́ tó bá jí, màá gbọ́wọ́ lé ọ lórí."

Nọ́fíù ti mọ ọkọ̀ tó máa jẹ́. MG ni wọ́n fi mọ Ọ̀gá Múdà káàkiri Ìbàdàn, ọkọ̀ eré ìje àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ń tún MGA àwọn tíṣà òyìnbó ní Yunifásítì ṣe, òun ló ń tún Midget ṣe, èyí tó kéré débi pé bí ẹni gíga bá wọ̀ ọ́, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí MGB àkọ́kọ́ wọ̀lú, ọwọ́ rẹ̀ náà ló bọ́ sí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Nọ́fíù sì rèé, MGB aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, ti ọdún 1972, tí ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Sọ́ńdè méjì ni wọ́n fi fọ kábúrétọ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀mpù àti púlọ́ọ̀gì. Ojú ọ̀gá ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń rántí.

"Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?" ó bèèrè.

"Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ wọn ní Abingdon pa láti 1980, sà."

"Háà. Ilé ńlá yẹn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì.

Ní Sọ́ńdè kẹta, ó ku bátìrì. Méjì ni bátìrì MGB yìí, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n wà. Nínú MGA àti MGB àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Múdà mọ̀, ẹnu pósítíìfù ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti yí i padà, tó fi jẹ́ pé nẹ́gẹ́tíìfù ló ń lọ sára ọkọ̀. Nọ́fíù mọ̀, ó ti kà á nínú ìwé pé wáyà ọkọ̀ á jó bí ẹnikẹ́ni bá so ó lódì. Ọ̀gá ò mọ̀. Ó mú wáyà pósítíìfù, ó ń gbé e lọ sára ọkọ̀.

Nọ́fíù rí i. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múdà, bí ọwọ́ ọ̀gá bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọṣẹ́ kì í lanu. Nọ́fíù ti lanu rí lójú oníbàárà, ó ní nọ́ọ̀tì kan ò tíì le, ọ̀gá fi sípánà kàn án lágbárí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó tún rò ó pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ó sì rò ó pé bí òun bá dójú ti bàbá yìí lónìí, àdúrà ti lọ nìyẹn. Ó pa ẹnu mọ́.

Èéfín kọ́kọ́ rọra yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ó dú, rọ́bà ń jó. Nọ́fíù já wáyà náà kúrò, ṣùgbọ́n gbogbo wáyà inú ọkọ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná sì ti bàjẹ́.

Ọ̀gá Múdà dúró ti ọkọ̀ náà títí èéfín fi lọ.

"Nọ́fíù, ṣé o rí i kí n tó so ó?"

"Mo rí i, sà."

"O sì dákẹ́."

"Ẹ̀yin lọ̀gá mi, sà. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní ṣàdúrà mọ́."

"Ká ní o gbá ọwọ́ mi dànù, ibẹ̀ ni ǹ bá ti gbé e lé ọ lórí. Ọmọṣẹ́ tó mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀, ó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù nìyẹn. Ìwọ jẹ́ kí n sun ọkọ̀."

Nọ́fíù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ ṣàdúrà náà, sà. Ẹ má wo ti ọkọ̀."

Ọ̀gá Múdà na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Ọwọ́ wo? Èyí tí ò mọ ẹnu bátìrì mọ́? Bí mo bá gbé e lé ọ lórí, èpè ni mo ṣẹ́ fún ọ yẹn. Gbé mi lọ sílé."

Nọ́fíù gbé e dé Kettering. Mọ̀ríámọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, ṣé ó jí?" Bàbá kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà s'Ìbàdàn. Wọ́n ní ó kó gbogbo sípánà rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà fẹ́ gbà á.

Obìnrin kan láti Oxon Hill gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá Nọ́fíù lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó ní bíréèkì rẹ̀ ń ké. Nọ́fíù ṣí táyà, ó wò ó, ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó da táyà náà padà, ó ní ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ò ṣàdúrà fún kì í fọwọ́ kan bíréèkì, kí ìyá náà gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.