Ọkọ̀ Tí Ìyá Mi Fọ̀

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Bí wọ́n bá bi ìyàwó mi, á ní, "Ó máa ń ṣe nǹkan ńlá ní kékeré." Ẹni tó bá fẹ́ rí ilé tí òun kò tíì kọ́, tàbí èyí tí wọ́n ti wó, ló ń wá mi. Páálí, pákó pẹlẹbẹ àti wáyà ni mo fi ń ṣe é. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu débi pé, bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, á rò pé òun ló kàn jìnnà sí i.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí ni mo wà. Mo ń ru àpò lọ́sàn-án, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Mo rántí bí eruku náà ṣe máa ń gan mọ́ ìpéǹpéjú mi tí mo bá làágùn, tí n ó wá jókòó ní kíláàsì tí ojú mi kò ní fẹ́ là. Mo rántí ikọ́ náà: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí olùkọ́ bá ti kọjú sí pátákó. Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ ní òun kò ní fi ẹlòmíràn sí àyè mi títí oṣù á fi parí, torí ó dá a lójú pé n ó padà. Èmi àti ìyàwó mi náà sì ti jọ fẹnu kò: bí oníbàárà tó wà nílẹ̀ yìí bá kọ iṣẹ́ mi, bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ṣe kọ̀ ọ́, mo máa padà sábẹ́ àpò.

Oníbàárà náà jẹ́ atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá gíga kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́ bí òpó iná. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá odò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Wọ́n ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n sì ti ta irin rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fẹ́ pàdé nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá ọkọ̀ wọn lórí tábìlì.

"Má ṣe é ní tuntun fún mi o," ló wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. "Ọkọ̀ arúgbó ni mo fẹ́. Ọkọ̀ tó ti jìyà."

Ìyà yẹn ló gba àkókò jù. Lẹ́yìn tí mo kan ọkọ̀ náà tán, tí mo kùn ún ní funfun, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Mo ha ìpẹtà lára páànù àtijọ́, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ ọ sábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan. Èéfín àtùpà ni mo fi kun ọ̀nà èéfín rẹ̀. Omi tíì ni mo fi ya ibi tí odò máa ń dé lára rẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ náà rí wúruwùru débi pé inú mi ń dùn. Ó ku kí n fi fáníìṣì bò ó, kí ìdọ̀tí náà má baà ṣí kúrò. Fáníìṣì ló tán. Mo jáde lọ rà á.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ náà nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, obìnrin kan dá ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan padà torí ìpẹtà bíńtín tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò. Ìyá mi tún un fọ̀ títí ọwọ́ wọn fi bó. Èmi ni mo ń pọn omi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kórìíra ìpẹtà bí ẹni kórìíra olè.

Nígbà tí mo padà dé, mo bá ọkọ̀ náà lórí táwẹ́lì lójú fèrèsé, ó ń dán gbinrin. Omi inú abọ́ ti di pupa. Ìyá mi ń fi etí aṣọ wọn nu ọ̀nà èéfín rẹ̀.

"Ìyá mi, kí lẹ ṣe?"

"Má wulẹ̀ dúpẹ́, ọkọ mi. Mo kàn bá ẹ fọ̀ ọ́ ni. O fẹ́ gbé nǹkan ìdọ̀tí fún oníbàárà! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà."

Wọ́n wò mí, wọ́n sì yíjú sí ìyàwó mi tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná. "Ìyàwó, ṣé ara ọkọ wa yá?"

"Màmá, ìdọ̀tí yẹn ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un." Bí ìyàwó mi ṣe rí ọkọ̀ náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Wọ́n ń sanwó ìdọ̀tí? Gbogbo ọdún tí mo fi fọṣọ, èmi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń ra èyí tí mò ń dà nù!"

Ẹ̀rín kò lè pa mí. Mo jókòó sórí àpótí, àfi bí ẹni pé òórùn sìmẹ́ǹtì ti ń wọ ilé bọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí atukọ̀ fi kanlẹ̀kùn. Ó ní òun ń kọjá lọ ni, ojú ń kán òun.

Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí tábìlì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì yí tábìlì po.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"Tèmi kọ́. Èyí ò tíì gbé èrò kankan rí." Ó mú fìlà rẹ̀. "Tí mo bá gbé e síwájú àwọn ọmọ yẹn, wọ́n á ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ti rà á. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ mi ò lè gbà á."

Ìyá mi fi ẹsẹ̀ dídùn náà dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ mi wí. Ó dọ̀tí dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó dọ̀tí bó ṣe yẹ kó dọ̀tí. Èmi ni mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́."

Atukọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín?"

"Tèmi ni. Ti ọmọ ọmọ mi ti le jù."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé e. "Màmá, títí mo fi fẹ̀yìn tì, mò ń lé àwọn ọmọ yẹn kiri pẹ̀lú garawa, ọkọ̀ yẹn kò mọ́ tó báyìí lọ́jọ́ kan. Níbo lẹ wà nígbà náà?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aṣọ yín ni mò ń fọ̀."

Ó gbé fìlà rẹ̀ padà sórí tábìlì, ó ní ṣé mo lè tún un ṣe kó tó di Àbámẹ́ta. Mo ní mo lè ṣe é. Mo tún sọ òótọ́ fún un: fọ́tò kan péré ni mo fi ṣe ti àkọ́kọ́, etí odò ni wọ́n ti yà á, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì hàn. Ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ kejì, ojú inú ni mo fi rí i.

"Mo ti fura," ló wí. "Mo máa wá jókòó tì ẹ́ lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó dé pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ń tọ́ka. "Níbí, ìdákọ̀ró ló máa ń họ ọ́. Níbí ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń ta nípàá. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mi yìí, ọ́ìlì dúdú. Kó tóbi díẹ̀ sí i."

Ìyá mi jókòó sí igun yàrá. Wọ́n ti búra pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, ọwọ́ wọn kò fi ìdọ̀tí kan nǹkan rí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fa ìpẹtà wálẹ̀ lábẹ́ ìdákọ̀ró, wọ́n pòṣé.

"Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣé rúlà ni wọ́n fi ń fa ìpẹtà ni? Ó máa ń kọ́kọ́ dúró, kó kún, kó tó ṣàn. Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn wá."

Wọ́n gbójú sókè kí wọ́n tó tọ́ ọ. "Ọlọ́run, má bínú sí mi." Láìpẹ́, àwọn àti atukọ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn.

"Màmá, díẹ̀ sí i."

"Ó ti tó! Ẹ ò tiẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọkọ̀ lẹ pè é, ẹ ò pè é ní ààtàn."

Nígbà tí wọ́n parí, mo fi fáníìṣì bò ó kí ẹnikẹ́ni tó mí. Ìyàwó mi lọ kó gbogbo ọṣẹ ilé pa mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé e lọ. Ìyá mi ní àwọn gbọ́dọ̀ fojú rí àwọn tó ń múra jáde nílé torí àtiwo ìdọ̀tí. Yàrá ti kún. Obìnrin tó máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ wo ojú fèrèsé mi! Ibi tí mo máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ti bó lóòótọ́!" Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń nàka, wọ́n ń rántí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì nígbà náà, ọkùnrin kúkurú tí wọ́n ń pè ní Gíríìsì, wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà. Ó pẹ́ kó tó nàró.

"Ọ̀gá," ó pe atukọ̀ jẹ́jẹ́, "kí ni ọ́ìlì yìí ń wá ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yín?"

"Ọ́ìlì wo?"

"Èyí tí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa tẹ̀, tó yọ̀, tó sì fi ṣòkòtò funfun jókòó sílẹ̀. Ẹ ní ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì ló wà. Ẹ ní èmi ni mo dà á. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún odidi oṣù kan!"

Gbogbo wọn wo atukọ̀. Atukọ̀ wò mí. Èmi náà wo ìyá mi.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó tóbi sí i," ni ìyá mi wí fún un.

Atukọ̀ fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi ahọ́n tọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá," ni ìyá mi tún wí. "Ó ti fi fáníìṣì bò ó. Èmi gan-an ò lè fọ èyí mọ́."

Ariwo ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Atukọ̀ jókòó, ó fi áńkáṣíìfù náà bojú. "Gíríìsì, àbúrò mi, agolo ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí."

"Mo mọ̀! Ìyàwó mi nìkan ló gbà mí gbọ́!" Ó ti rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá gbá mi lápá mú. "Ìwọ, ṣe tèmi. Ọkọ̀ yìí kan náà. Ṣùgbọ́n kí ọ́ìlì yẹn tóbi ju èyí lọ, kí ipa bàtà Ọ̀gá sì hàn nínú rẹ̀ ketekete."

"Fèrèsé mi nìkan ti tó èmi," ni obìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì wí lẹ́yìn rẹ̀. "Àmọ́ kó bó sí i."

Atukọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó ní ọkọ̀ òun ni, tòun ti ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí ilé sìmẹ́ǹtì láti sọ fún ọ̀gá pé kó fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń jókòó, eruku ti sọ irun ojú rẹ̀ di ti arúgbó.

"Iṣẹ́ wo lo wá rí?" ó bi mí.

"Mò ń fi ìdọ̀tí sára ọkọ̀, sà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì yíjú wo àwọn àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èyí tó wà níbí ò tó ẹ ni?"