Òdòdó Morólákẹ́ Kò Rú

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lórí àga tí mo jókòó sí. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí.

Ẹ mọ̀ pé Morólákẹ́ ìyàwó mi bẹ̀ mí títí kí n gbin bogenfílíà fún òun, òdòdó pupa ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń gun ọgbà. Èmi á ní, "Ṣé a ó jẹ ẹ́ ni?" Ó wá kú. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Mo gé ẹ̀ka mẹ́ta, mo rì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ojú oórì rẹ̀. Oṣù méjì, kò rú ewé kan. Mo ní, àbí ó ń bínú sí mi ni?

Nínú àlá, kẹ́tùrù tí mo fi ń bomi rin wọ́n ló kọ́kọ́ bú mi. "Ọkùnrin yìí, o ti sú mi! Lọ sí ọ́fíìsì."

Mo lọ. Ọ́fíìsì náà léfòó sókè ojú oórì, bí ìkùukùu. Kò burú. Mo gun àkàbà. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀, ó de táì.

"Ẹ káàsán, sà. Òdòdó ìyàwó mi ni, kò rú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ti tanná tipẹ́."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Kó tó ṣí fáìlì, ó ti di òbúkọ. Mo ṣáà ń pè é ní sà, torí táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Níbo ló ti tanná, sà?"

Ó jẹ ojú ewé kan nínú fáìlì. Ó ní, "Nísàlẹ̀."

Ni ilẹ̀ ọ́fíìsì bá ṣí bí ilẹ̀kùn. Mo yọjú wo abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi. Òdòdó pupa kún ibẹ̀, ó ń fà lọ sísàlẹ̀. Morólákẹ́ jókòó lábẹ́ rẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́.

"Bàbá Láńre! Ẹ padà gbìn ín nígbẹ̀yìn!"

"Ṣé o ò bínú?"

"Mo bínú díẹ̀. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ̀gún pọ̀ níbí."

Mo nawọ́ sí i. Òbúkọ yẹn fi ìwo kàn mí nídìí. Mo jí.

Òbúkọ aládùúgbò ló ń ké lẹ́yìnkùlé. Mo lé e. Mo wá fa ẹ̀ka kan yọ, mo wò ó dáadáa. Ojú rẹ̀, ibi tí ewé ti ń yọ, ìsàlẹ̀ ló kọ sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Èmi tí mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ láti kékeré, mo dorí wọn kodò rì wọ́n.

Mo wò yíká. Ẹnikẹ́ni ò rí mi. Mo yí méjì sókè, mo tún wọn gbìn. Èyí tó kù, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rọra bomi sí i.