Ta Ló Kọ Nǹkan Sójú Bàbá Yín?

Bàbá wa ló sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ̀-ọ́n-tán. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í béèrè.

Ojú ń dun Màmá wa. Ọ̀kan ti fọ́, èkejì ti ń ṣú. Dókítà fi iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ Ajé, ó sì sọ fún wa pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú tó kù á ṣì máa ríran lẹ́yìn rẹ̀. Màmá ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí òun rí bàbá wa kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí Bàbá ti kú. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ kù sí ni téèpù kékeré kan nínú kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó yà lọ́jọ́ tí Bàbá ń kan ẹsẹ̀ àga. Kámẹ́rà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gíláàsì tí èèyàn fi ń wò ó kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tẹlifíṣọ̀n Màmá kò sì ní ihò tí wáyà rẹ̀ lè wọ̀. Àfi ká gbà á sínú kọ̀ǹpútà, ká wá ètò kọ̀ǹpútà tó máa kọ ọ́ sórí àwo DVD, kí ẹ̀rọ tó ń ka àwo nínú yàrá Màmá lè gbé e jáde.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo tú èyí àkọ́kọ́, mo to nọ́ọ̀tì àti irin rẹ̀ sórí aṣọ bí wọ́n ṣe ń jáde, mo sì tò wọ́n padà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Torí náà mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é."

"Ìwọ? Ṣé abẹ́rẹ́ ló fẹ́ kí o pààrọ̀ ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó gbé àwo dé yàrá Màmá, ó pè wá jọ. Ó wà lẹ́nu mi láti béèrè pé, "Ṣé ẹ ti dán an wò?" Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni àbúrò máa fi bi ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ lójú ìyá wọn? Mo gbé e mì.

Òdòdó ló kọ́kọ́ ń já bọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán ọkàn pupa kan ń yí bí òòyì. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Bàbá yọ, lẹ́tà ńláńlá sì yọ pẹ̀lú rẹ̀, láti etí dé etí: orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò náà, àti pé kí a wá rà á.

Màmá sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ta ló kọ nǹkan sójú bàbá yín?"

Bàbá la ẹnu, fèrè ló jáde. Ètò náà ti fi orin tirẹ̀ bo ohùn rẹ̀.

"Kí ló ń wí?" Màmá yíjú sí wa. "Ẹ sọ fún mi, kí ló ń wí?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bọ̀dá, kí lẹ fi yan eléyìí?"

"Ọ̀fẹ́ ni. Òun náà ló sì rẹwà jù."

"Ọ̀fẹ́! Wọ́n gba ojú ẹ̀, wọ́n gba ohùn ẹ̀, ẹ ní ọ̀fẹ́ ni! Téèpù ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó ti wà lórí àwo. Mo ti kó o mọ́ ohun tí a fẹ́ dà nù."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi. Mo da àpò ìdọ̀tí kìíní, mo da èkejì. Abẹ́ fáànù tó ti kán ni mo ti rí téèpù náà, omi ọbẹ̀ lára páálí rẹ̀. Mo nù ún mọ́ aṣọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀lé mi dé.

"Ìwọ yìí," mo ní, "tí bàbá yìí bá tún kú lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ lo pa á."

N kò pè é ní "ìwọ" rí láyé mi. Mo gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo ti ìsọ̀ mi pa. Mo gba téèpù sínú kọ̀ǹpútà, mo gé ìṣẹ́jú kan níbi tí Bàbá ti ń sọ̀rọ̀, mo sì ra àwo kan tó ṣe é pa rẹ́, kí a tún un kọ. Ètò mẹ́ta ni mo fi ìṣẹ́jú yẹn dán wò. Àkọ́kọ́ kò kọ nǹkan sójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ńṣe ló ju fídíò sórí àwo bí ẹni ju aṣọ sínú àpótí. Ẹ̀rọ Màmá pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ fídíò lódindi, ó fẹ́ kí wọ́n gé e, kí wọ́n tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n. Èkejì mọ̀ ọ́n tò, àmọ́ ó fa Bàbá gùn bí ọ̀pá. Ojú ètò kẹta rí bí ògiri tí wọn ò tíì kùn. Kò ní òdòdó. Ó béèrè fídíò wo, àwo wo, ṣé kí ohùn dúró bó ṣe wà. Orí mi wú nígbà tí mo rí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi dán an wò nínú ẹ̀rọ Màmá gan-an kí n tó kọ gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé ẹ̀gbọ́n mi dé yàrá Màmá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. N kò kí i. Mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ náà.

Bàbá yọ, ìṣó mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó tu ìṣó sọ́wọ́.

"Ṣé o ti ka ìwé tó bá kámẹ́rà yẹn wá?"

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà: "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Mọ̀-ọ́n-tán! Ìka ẹ ló wà lójú kámẹ́rà yẹn."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Ẹ̀gbọ́n mi sún síwájú, ó fẹ́ wo ibi tí ìka náà wà.

"Gbé orí rẹ kúrò lójú bàbá rẹ," Màmá ní.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rọra ní, "Ètò wo lo fi ṣe é?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó béèrè ohun tí kò mọ̀ nìyẹn. Inú ṣì ń bí mi. Màmá ti na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá lórí gíláàsì.

"Ẹ dá a padà," ó ní. "Ẹ dá a padà síbi tó ti ń tu ìṣó."